Ìlú Tí Wọ́n Ti Mú Wa Wá

Télọ̀ ni bàbá mi, kò sì sí ọkùnrin tó dàgbà jù wọ́n lọ ní agbo-ilé wa ní Ọ̀tà, àfi olórí ẹbí. Nígbà tí olórí ẹbí kú, àwa ọmọ wọn gbà pé bàbá mi ló kàn. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó ní pálọ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ní Sàngó, mo ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Àbúrò wọn kan láti ojúlé mìíràn nínú agbo-ilé, tí bàbá mi fúnra wọn kọ́ níṣẹ́ abẹ́rẹ́, ló dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa, àmọ́ bí oníkálukú ṣe wọ ilé yìí yàtọ̀ síra. Ọmọ ẹrú kì í jẹ olórí níbí."

Mo retí kí ẹnì kan pa á lẹ́nu mọ́. Àṣé àwọn àgbà yòókù ti mọ̀ tipẹ́.

Bàbá mi kọjú sí ìyá àgbà tó dàgbà jù nílé. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

Omi bọ́ lójú ìyá. "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ojú ogun ni wọ́n ti mú bàbá bàbá rẹ wá. Ilé yìí fún un níyàwó, ó fún un nílẹ̀ tó ń ro. Wọ́n ní ká má sọ ọ́."

"Ìlú wo ni wọ́n ti mú un?"

"A ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í."

Bàbá mi ní kí ẹbí fi àbúrò àwọn jẹ olórí.

Lọ́dún Iléyá, èmi àti bàbá mi lọ kí i. Ọkùnrin náà fò dìde: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi!" Bàbá mi ti nà gbalaja. Mi ò lè wò ó. Níbi iṣẹ́ wa, àwa lébìrà kì í gba géètì àwọn ọ̀gá wọlé. Mo ti rò pé ilé lèèyàn ti ń sinmi irú ìyẹn.

"Kí lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún?" Mo ti ń sunkún nígbà tí mo bi wọ́n lójú ọ̀nà.

"Bí mi ò bá kí i, wọ́n á ní ẹrú ń gbéra ga."

Bàbá tó bí bàbá mi kì í jẹ òkété, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan. Bàbá mi gbà pé èèwọ̀ ìlú tí wọ́n ti mú wa wá ni, nítorí náà bí oníbàárà bá ti Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun wá ránṣọ, bàbá mi á bi í bóyá àwọn kan wà nílùú rẹ̀ tí òkété jẹ́ èèwọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ní rárá. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi béèrè títí wọ́n fi kú.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́, kí a kọ ìlú abínibí wa sí i. Mo di bírò mú títí ẹni tó tò sẹ́yìn mi fi ní kí n yára. Mo kọ Ọ̀tà.