Ọ̀rọ̀ Ìrántí Tí Mo Kà Nílé Ìdáná ní Lọ́kọ́jà

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1991 yìí, ni mo jáde nílé wa ní Ọ̀fà. Ìyá mi gbé àtùpà sin mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò ní kí n má lọ. Ohun tó sọ ni pé, "Bó o bá dé ọ̀hún, wo ilé yẹn dáadáa. Wo ibi tí ìwé àkàjù ń gbé obìnrin dé." Ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi dùn mí. Dókítà Ibídùn ló kọ́ mi ní yunifásítì ní Ìlọrin. Ọmọ Òwórò ni, láti Lọ́kọ́jà. Ìgbésí ayé àwọn obìnrin ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí: ta ló ń ro oko, ta ló ń ta irè oko náà, ta ni wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́ bí wọ́n bá ń jíròrò nínú ilé. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Àìsàn mú un lọ lọ́dún tó kọjá, orí rẹ̀ kò tíì funfun. Ẹ̀ka wa wá ní kí n di olùkọ́ kékeré níbẹ̀, kí n máa bá iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń ba ìyá mi pé bí ayé rẹ̀ ṣe rí ni tèmi náà yóò rí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, n kò kàn jẹ́ kó mọ̀ ni. Ìsìn ìrántí ọdún kan ni mo ń lọ fún, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ tí n ó kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gan-an ni kí n bi àwọn tó bí i léèrè bóyá inú rẹ̀ dùn.

Ní gáréèjì Ìlọrin, mo bá Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, olùkọ́ kan ní ẹ̀ka wa tí a jọ ń lọ. Ogójì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì há ara wa sínú pijó. Ọmọ Yàgbà ni awakọ̀ wa, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí a ṣe kọjá Erúkú, ó fẹsẹ̀ lé bíréèkì.

"Ẹ̀yin ará Kwara, ilẹ̀ yín parí síbí o! Kogi lẹ wà báyìí. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù jáde!"

Ìyá kan tó gbé adìyẹ lé itan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Ìwọ tí o ò ní láísẹ́ǹsì, ta ni yóò fi pásípọ́ọ̀tù hàn ọ́?"

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Ìpínlẹ̀ tuntun náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Títì dára díẹ̀ títí dé Ìsánlú. Lẹ́yìn Kàbbà ni kòtò gbà á, eruku pupa sì kun ojú wa bí osùn. A jẹ iyán ní Kàbbà, náírà mẹ́jọ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ alẹ́ la máa ń gúnyán; níbẹ̀, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù tí odó ti ń dún. Ìkíni wọn ni "Ọ̀kún o!" Àwa ní ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, ẹyọ kan yìí tó wọn fún gbogbo ọjọ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo wọn ní ará Ọ̀kún.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó rí odò Ọya lábẹ́ òkè. Lọ́kọ́jà kún fún ọkọ̀ tó di bẹ́ẹ̀dì àti àga rù, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Ìlọrin sí ìpínlẹ̀ tuntun. Ọ̀kadà gbé wa dé Kabawa, àdúgbò àwọn ẹbí Dókítà Ibídùn, ní náírà méjì ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Sánnú dà súwà," ni àwọn aládùúgbò ń kí wa, èyí tí í ṣe ẹ káàbọ̀ lédè Haúsá. Èdè mẹ́rin ni mo gbọ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èrò padà sílé. Alàgbà Jósẹ́fù, ẹ̀gbọ́n Dókítà Ibídùn, ń tò wọ́n sórí ìjókòó ní pálọ̀. Nígbà tó kàn mí, ó rọra gbá mi léjìká.

"Ọ̀gbẹ́ni Àlàó ni yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ yunifásítì. Ìwọ ọmọ mi, àwọn obìnrin wà lẹ́yìnkùlé. Lọ ràn wọ́n lọ́wọ́."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Mo gbé báàgì mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí pé n kò sọ nǹkan kan, èmi tí olùkọ́ yìí kọ́.

Nílé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi ẹja tútù láti odò se ọbẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ iṣu. Ìyá Kọ́lá, ìyàwó Alàgbà, fún mi lọ́bẹ.

"Yunifásítì ò kọ́ yín níṣu bíbẹ ni? Ẹ wò ó bó ṣe ń gé e, bí ẹni tó ń gbẹ́ ère!"

Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́ sí mi létí pé ìyá arúgbó yẹn, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, ni ìyá Dókítà Ibídùn. Kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní wọ pálọ̀. Bíi tiwa ni tiwọn: ìyá kì í lọ síbi ayẹyẹ òkú ọmọ rẹ̀.

A kò tíì bẹ iṣu náà tán tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàó fi yọjú, òógùn bò ó. "Bísí, ìwé yẹn dà? Wọ́n ti ní kí n dìde, n kò mọ ohun tí n ó sọ."

"Ìwé wo?" ni Màmá bèèrè.

"Ọ̀rọ̀ ìrántí ni, Màmá."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Kà á níbí."

Ìyá Kọ́lá ju ìjábẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Háà, Màmá, kò ṣeé ṣe! Baba Kọ́lá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀..." Alàgbà fúnra rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wá Ọ̀gbẹ́ni Àlàó. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. A kò fẹ́ kí ẹ sunkún."

Màmá kò gbójú sókè. "Jósẹ́fù, láti ọjọ́ tó ti lọ, kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ mi létí mi. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí n sunkún. Ta ló sọ fún yín pé n kì í sun ún? Ọmọ yìí, kà á."

Mo yọ ìwé náà nínú báàgì mi. Mo rò pé bí mo bá kà á, mo lè pa ìyá arúgbó. Bí n kò bá kà á, mo ti pa á lẹ́nu mọ́, ohun tí ọmọ rẹ̀ fi gbogbo ayé bá jà. Mo kà á.

Mo kà nípa bó ṣe máa ń se tíì fún wa ní ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ìjíròrò, tí yóò sì ní kí kálukú fọ ife tó mu, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà. Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é fún! Bàbá mu ẹ̀kọ tán, ó fi igbá sílẹ̀, ó ń lọ. Ibídùn, ọmọ pẹ́ńpẹ́ yìí, ó gbé e tẹ̀ lé e dé ìta: 'Bàbá, igbá yín rèé, ẹ gbàgbé ẹ̀.'"

Alàgbà náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó lórí ìdì igi. Àwọn ará pálọ̀ ti ń jáde wá lẹ́yọ lẹ́yọ láti mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá tísà," ni Ìyá Kọ́lá wí fún Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, "ẹ má dúró bí òpó. Ọmọ odó rèé, iṣu tó wà lórí iná ti jinná."

Ó gún un tìtaratìtara. Mo kà á dé òpin, Màmá sì sunkún lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Nígbà tí ó nu ojú tán, mo bi í ní ìbéèrè mi. "Màmá, ṣé inú Dókítà dùn nígbà tí wọ́n wà láyé?"

"Inú ta ló ń dùn lójoojúmọ́? Ó ń dá sùn, òótọ́ ni. Èmi náà dá sùn, ọkọ mi sì wà ní yàrá kejì, òun àti ìyàwó kékeré. Ṣùgbọ́n bí Ibídùn bá ti Ìlọrin dé, ibi tí o jókòó sí yìí ló máa ń jókòó sí. Yóò ní, 'Ìyá, kí lẹ̀ ń rò?' Nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, òun nìkan ló bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Mo tún sún mọ́ ọn. "Màmá, kí lẹ̀ ń rò báyìí?"

Ó wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mò ń rò pé iyán tísà yìí yóò ní kókó."

Ó ní kókó lóòótọ́. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú la padà. Ọ̀gbẹ́ni Àlàó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó títí a fi dé Ìlọrin. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọlé ní Ọ̀fà. Ìyá mi gbé oúnjẹ fún mi, ó jókòó.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan kókó inú iyán. Ó kó àwo mi, ó fẹ́ lọ fọ̀ ọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ fúnra mi.

Yunifásítì fẹ́ gbọ́ èsì mi kí oṣù yìí tó parí. Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe dídá sùn ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ti bi ìyá ẹlòmíràn ní ohun tó ń rò, n kò tíì bi ìyá tèmi rí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ti dàgbà jù mí lọ, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gba iṣẹ́ náà kí n tó bi í ni, àbí kí n kọ́kọ́ jókòó tì í nílé ìdáná kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀? Bí ọmọ yín bá sì bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ó dá a lóhùn?