Káàdì Tí Ìyá Ahunẹní Fi Ránṣẹ́ sí Èkó

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí Ìkẹ́rẹ́ ayé ìgbà yẹn. Ó kan díẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ti sùn, ó sì ń ta ènìyàn nímú, aṣọ tó bá ti wọ yàrá dúdú tí ọ̀gá mi ti ń fọ fọ́tò kò sì ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Ìwọ náà á rántí bí orí gbogbo wa ṣe wú nígbà náà, tí ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí lápò ń sáré lọ sí Adó láti wá iṣẹ́ ọba. Èmi náà ní ìwé ẹ̀rí tèmi, olùkọ́ ni mo kọ́ láti jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì yọjú, n kò sì fẹ́ jókòó lójú kan. Ni mo bá lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ta ló ti rí obìnrin tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn rí. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín wọn tán. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi dúró, ojú mi sì mú.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà wálé láti Ìbàdàn, gbé agolo bísíkíìtì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Pósíkáàdì àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Ikán ti ń jẹ wọ́n, ó sì fẹ́ ká bá òun ya àwòrán wọn kí wọ́n tó bàjẹ́ tán. Ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo ń tẹ́ wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn obìnrin tó ń ti aṣọ bọ ìkòkò aró, àwọn ọkùnrin tó ń gbé àpò kòkó sínú ọkọ̀, alágbẹ̀dẹ tó na òòlù sókè, ìyá alákàrà tí èéfín bo ìdajì ojú rẹ̀. Bí mo bá yí i padà, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọkọ ìyá nọ́ọ̀sì náà ló kọ ọ́. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e láti ìlú kan dé òmíràn. "Mo dé láyọ̀. Òjò ń rọ̀ níbí. Má gbàgbé oògùn ibà ọmọ." Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá náà rí i pé mo ń kà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwòrán ló fi ń sọ ìyókù. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń ru ẹrù ni yóò fi ránṣẹ́. Bí ó bá ti jẹun yó, alákàrà ni." Mo bi í bóyá ó mọ ẹnì kankan nínú àwọn tó wà lórí káàdì wọ̀nyí. Ó wò mí bí ẹni pé n kò mọ ohun tí mò ń bèèrè. "Ta ni yóò mọ̀ wọ́n? Wọn ò kọ orúkọ wọn síbẹ̀." Lóòótọ́ ni. Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ò ní ju "Aláró" tàbí "Alágbẹ̀dẹ" lọ. Ẹni tí òógùn ojú rẹ̀ hàn kedere báyẹn kò ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Káàdì tí wọ́n ń tà nílé ìtàwé ìlú wa nígbà náà, òdòdó pupa ni, àbí yìnyín, àbí ọmọ òyìnbó tó gbá ajá mọ́ra. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé kí a ṣe tiwa, kí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó àti l'Ókè-Òkun rí iṣẹ́ ilé wọn. Bébà fọ́tò tí à ń lò ṣáà ní ìwọ̀n tí a ń pè ní pósíkáàdì tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi, ọkùnrin tí kì í tètè yọ̀, fi kámẹ́rà kejì kọ́ mi lọ́rùn. "Gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ògòtún ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ìlú yẹn tí kò ní rántí ẹní. A há mọ́ra nínú ọkọ̀ bí iṣu inú àpò, nígbà tí mo sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n júwe ilé ìyá kan fún mi, tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ já fáfá jùlọ ní àdúgbò náà. Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà páànù iwájú ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹní tó ń hun tẹ́ síwájú rẹ̀, dúdú, pupa àti àwọ̀ ewé gbígbẹ ń gba ara wọn kọjá. Òórùn ewé tí wọ́n là, tí wọ́n sì sá sóòrùn gba gbogbo àgbàlá náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ẹnìkan ti wá rí. Ìyá mi ló bá níbi tí mo jókòó sí yìí. Ó yà á, ó ní òun á mú un padà wá. Ìyá mi retí títí. A ò rí fọ́tò, a ò rí ayàwòrán."

Mo sọ fún un pé èmi yóò mú un wá, pé kò sí ẹni tí yóò rí i ṣáájú rẹ̀, àfi ọ̀gá mi tí a jọ ń fọ̀ ọ́, àti pé orúkọ rẹ̀ yóò wà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè.

"Káàdì tí o wí yìí, ṣé ó lè dé Èkó?"

"Ibi tí pósófíìsì bá wà, á dé ibẹ̀, Màmá."

Ó fi ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ àkọ́bí rẹ̀ fún mi. Ọ́fíìsì ńlá kan l'Ékòó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pinnu pé ìyá òun gbọ́dọ̀ kó wá bá òun. Àwọn kan ti lọ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń jìyà, pé àgbà ara ló fi ń hun ẹní kiri. Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó ló ń rán pé kí ìyá di ẹrù. Kò tíì wá fúnra rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. "Uṣẹ́ mi nìyí," ìyá náà wí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹní náà. "Ulé mi nìyí. Èwo ni kí n lọ máa wo ògiri l'Ékòó?"

Ó gbà kí n ya òun bó ṣe jókòó yẹn. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú léèsì funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún.

Mo ní, "Màmá, ṣé aṣọ yìí lẹ fi ń hun ẹní?"

"Rárá. Aṣọ yìí ni mo fẹ́ fi dá ọmọ mi lóhùn."

Mo ya èyí náà. Nígbà tí a fọ fíìmù náà tán n'Íkẹ́rẹ́, ọ̀gá mi gbé àkọ́kọ́ sábẹ́ iná, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ìmọ́lẹ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó bà lé ìka ìyá náà àti ẹní tó ti hun dé ìdajì. Láìṣe àṣejù, ó dára ju gbogbo káàdì inú agolo nọ́ọ̀sì yẹn lọ. Ọ̀gá mi ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì. Mo ní ó di ìgbà tí ìyá bá rí i. Ó ní ta ni yóò sọ fún un? Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti ṣèlérí." Ó tì í sọ́dọ̀ mi. "Ìlérí tìẹ ni. Ẹsẹ̀ tìẹ náà ni yóò rìn ín."

Ẹsẹ̀ mi rìn ín. Ìyá náà gbé fọ́tò méjèèjì lé orí itan, ó wò wọ́n dáadáa. Ó da àkọ́kọ́ padà. "Ẹní tí kò tíì parí! Ẹni tó bá rí i á ní ó rẹ̀ mí ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ mi náà nìyẹn." Mo rò pé ti léèsì ni yóò mú. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ńkọ́? Ta nìyí? Ìyàwó pásítọ̀ ni." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó ní kí n jókòó, pé ẹní tó wà lọ́wọ́ òun kò ní pẹ́ parí. Ó pẹ́. Mo jókòó tì í, mò ń na ewé sí i, ó ń sọ fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí yóò tú ohun tó ti hun láti òwúrọ̀ nítorí ìlà kan tó wọ́. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó ká etí ẹní náà. Ó ju gèlè tó dára lé orí, ó fi ìró iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́ ró, ó dìde dúró, ó sì na ẹní náà síwájú ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀kùn hàn. Ó wo inú kámẹ́rà tààrà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajúro. Ó ní, "Yà á báyìí."

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sódì sétí níńgẹ́tìfù náà, ìyẹn fíìmù tí a fi ń tẹ fọ́tò, kí ó lè jáde lọ́nà tó gún lára gbogbo káàdì. Ọ̀gá mi ní káàdì kì í ní orúkọ. Mo ní tiwa á ní. Nígbà tí mo gbé àkọ́kọ́ lára wọn dé Ògòtún, ìyá náà ní kí n mú bírò. "Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Má fi tìrẹ kún un." Ohun tó ní kí n kọ rèé: "Ọmọ mi, ẹní tí mo hun nìyí. Ara mi le. Ibi tí mo wà yìí ni ulé mi. Bí o bá fẹ́ rí mi, mọ́tò ń wá s'Ógòtún." Mo lẹ sítáńbù mọ́ ọn, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọmọ náà.

Ọlọ́run ló ní kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì dé. Mo gbé fọ́tò àwọn ahunẹní mìíràn wá ni. Ọkọ̀ kan dúró, ọkùnrin kan tó gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀, káàdì wa ń yọ lápò ẹ̀wù rẹ̀. Kò tíì kí ìyá rẹ̀ tán tó fi kọjú sí mi.

"Ìwọ lo gbé ìyá mi sórí káàdì?"

Mo ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó ń pín lẹ́tà níbi iṣẹ́ wa ti gbé e yí gbogbo ọ́fíìsì ká kí n tó rí i! Kò sí nínú àpòòwé. Gbogbo wọn ló kà á pé ìyá mi ní kí n wá wọ mọ́tò!"

N kò kúrò níbi tí mo dúró sí. Ìyá náà ló dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá."

"Kí ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n kà á?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan káàdì náà. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Wọ́n ní ẹní náà dára. Ọ̀gá wa fẹ́ rà nínú ẹ̀." Ó gbé báàgì sílẹ̀. "Ó tún bi mí pé ìgbà wo ni mo wálé gbẹ̀yìn."

Ìyá náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì. Ó ti mú báàgì òfìfo kan wá láti fi kó ẹrù ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀ ti bá awakọ̀ sọ ọ́. Nígbà tó máa padà sí Èkó, ẹní ló ká lọ. Kí ó tó lọ, ó ní kí n ya òun àti ìyá òun pọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó di etí ẹní kan mú dáadáa, kó má jẹ́ kó wọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń wálé, kì í sì í dúró de ọdún. Ìyá náà hun ẹní títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́, Ògòtún ló sì wà títí ó fi sinmi. Èmi náà ya àwọn tó ń sá kòkó n'Íṣẹ̀ẹ́ àti àwọn tó ń yan gàrí l'Émùré, orúkọ sì wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fóònù dé, kò sẹ́ni tó ń fi káàdì ránṣẹ́ mọ́, mo sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi.

Nígbà kan, mo rò pé iṣẹ́ mi ni láti bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí n mú ohun tó dára níbẹ̀, kí n sì máa lọ. Ìyá yẹn ló jẹ́ kó yé mi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò jókòó síbẹ̀ de ojú wa. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ó sì ní ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo yà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì dára ju ìkẹta tó di káàdì lọ, n kò sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì rí. Ẹni tó bá wọlé wá jókòó síwájú kámẹ́rà mi lónìí, kí n tó tan iná rárá, mo ti máa ń bi í pé, "Ta lẹ fẹ́ kó rí i?" Wọ́n á rò ó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ti rántí ẹni náà, ojú wọn á yí padà, ìgbà yẹn ni mo tó máa ń tẹ kámẹ́rà.