Fóònù Tó Ń Sùn Ní Pálọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ìdààmú ọkàn tí ìwé ò ní oògùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ohun tí ìwádìí bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni ká ṣe, mi ò mọ òmíràn. Ẹ wo ìgbéraga!

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń kọ́ṣẹ́ dókítà nílẹ̀ òkèèrè, ogun wá bẹ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti ní òun ń wá ọ̀nà kọjá bọ́dà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ìyá ò sùn mọ́. Ó ti ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fẹ́ pa á. “Tí mo bá sùn, tó wá pè ńkọ́?” Ohun tó ń tún sọ ṣáá nìyẹn, fóònù lọ́wọ́.

Mo ka òfin ìwé fún un: fóònù ò gbọdọ̀ wọ yàrá, bí ẹ bá sì ti sùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí yín. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tí kì í pariwo, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí pé àwọn tí wọ́n fi ṣèwádìí yẹn, ṣé ọmọ wọn wà lójú ogun? Inú bí mi. Mo ní bí a bá ń fi àánú yí ìwé padà, kí la wá ń kọ́ṣẹ́ fún? Ó ní ìwé ò burú, kí n ṣá bi ìyá léèrè ohun tó máa jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un. Ìyá ronú títí, ó ní kí ìyá ìjọ òun wá máa mú fóònù dání ní pálọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó padà wá, kò yọjú. Mo pè é. Ìyá ìjọ ló gbé e, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an: “Ẹ máa bọ̀ nílé.” Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. “Ẹ ṣá máa bọ̀.” Yéè! Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ irú ìpè yẹn? A kì í túfọ̀ lórí fóònù. Bọ́ọ̀sì ń wọ́ ní Old Kent Road, ọ̀gá tó bá mi lọ di ọwọ́ mi mú.

A bá àwọn obìnrin aláṣọ funfun ní pálọ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Ìyá ìjọ fìka lé ẹnu, ó sọ ọ́ sí mi létí pé: “Ọmọ ti pè, ó ti kọjá bọ́dà. A wá dúpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì ń sùn, ẹ̀yin lẹ sì ní a ò gbọdọ̀ jí i.”

Mo ti ń lu ilẹ̀kùn yàrá kí n tó rántí ìwé.

Ìyá jáde, ó rí wa jọ, ó rí ẹkún lójú mi, ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di etí. “Ẹ má sọ ọ́! Ẹ má sọ ọ́ fún mi!” A ń pariwo pé ọmọ wà láàyè, kò gbọ́. Ìyá ìjọ bá pe nọ́ńbà tuntun tí ọmọ fi pè, ó fi fóònù sí i létí. Gbogbo wa gbọ́ ọ, Yorùbá ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù: “Mummy, ṣé ẹ ti jẹun?”

Èmi náà ti dọ̀gá báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há ìwé sí abíyá wá bá mi. Mi ò ní kí wọ́n jù ú nù, torí ìwé wà lára ohun tó jẹ́ kí ìyá yẹn sùn. Ogun ṣì ń jà níbi púpọ̀. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé, bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ ìyá, ta ni yóò bá a mú un dání?