Póìntì Kan fún Fírísà

Òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù Màámi ló máa ń jí mi láràárọ̀, nígbà tí à ń gbé yàrá kan ní Okokomáìkò. Áyọ́ọ̀nù oníná wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ṣùgbọ́n eléèédú ni wọ́n fi ń lọ yúnífọ́ọ̀mù mi. Tí ará ilé bá rí oníná, wọ́n á kà á mọ́ póìntì wa.

Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò. Tí bíìlì bá ti dé, Bàbá Ṣadé, ayálégbé tó ń gba owó iná, á wọ yàrá kọ̀ọ̀kan láti ka ohun tó ń lo iná. Gílóòbù kan, póìntì kan. Fáànù, póìntì kan. Rédíò, póìntì kan. Iye póìntì ni wọ́n fi ń pín owó. Mẹ́ta ni tiwa. Ìyá onílé ní fírísà gbàǹgbà kan tí wọ́n fi ń ta yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja àti ìyàwó sójà láti bárékè. Póìntì kan ni wọ́n ka òun náà sí! Títí dòní, inú ń bí mi tí mo bá rántí.

Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ kan, bíìlì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bàbá Ṣadé ní bóyá rédíò Ìyá Kúnlé, ìyẹn Màámi, ló ń pariwo jù. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí oníkálùkù pa tiẹ̀, kó ku fírísà nìkan, ká pàdé nídìí mítà.

Àwo kékeré inú mítà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Màámi wá ní kí wọ́n pa fírísà, kí wọ́n tan rédíò àti gílóòbù wa. Àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín.

Màámi ní, "Ẹ ti rí ẹni tó ń jẹun báyìí. Rédíò kàn ń sọ̀rọ̀ ni."

Ìyá onílé wò wọ́n. "Ìyá Kúnlé, ilé ta ni mítà yẹn wà?"

Ẹja Bàbá Ṣadé pàápàá wà nínú fírísà yẹn. Ó wolẹ̀, ó ní, "Póìntì la ti ń kà látilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Màámi yọ fáànù kí póìntì wa lè di méjì. Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ èmi àti àbúrò mi nínú ooru yẹn, tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé." Mo sì ń búra lórí ẹní pé tí mo bá dàgbà, kò sẹ́ni tó máa rẹ́ aláìní jẹ níṣojú mi.

Mo ti dàgbà. Ìlú Ìbà ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń gba owó iná ilé wa, ìyàwó mi sì ń ta mínírà tútù láti inú fírísà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọlọ́mọ kan tí kò ní ju gílóòbù àti fáànù lọ rọra bi mí bóyá ọ̀kan náà ni gílóòbù àti fírísà.

Mo ní, "Póìntì la ti ń kà látilẹ̀, mà."

Kò bá mi jà. Nígbà tí mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, abẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.