Mo Wá Ẹnì Kan Tó Ka Ìwé Mi Lọ sí Mówè

Lọ́jọ́ tí ìwé mi jáde láti ilé ìtẹ̀wé, ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta dúró fúnra rẹ̀ ní Ifọ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lọ, àfi ìgbà tí mo ka ojú ewé kìíní sí i létí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ọkọ̀ ojú irin náà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin náà tó láti fi kọ ìtàn kan. Ìtàn obìnrin kan ni, tó ta ilé rẹ̀ kó lè rán aṣọ kan ṣoṣo. Aṣọ náà wá dára débi pé nígbà tó wọ̀ ọ́ jáde, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ mọ́. Mo fẹ́ fi àwọn obìnrin wa tó ń sáré lé gbogbo sítáì tuntun ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ ni. Àna mi kan tó ń kun sáìnbọ́ọ̀dù ló ya obìnrin náà síwájú ìwé: búbá aláwọ̀ ọsàn, apá rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí.

Ìyàwó mi, Ìyá Rẹ̀mí, kò ka kọjá àwòrán yẹn. Páálí ìwé kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, àwọn elépà ń wá bébà o. Ẹ jẹ́ n kó ìwé yìí fún wọn."

"Ìwé tí wọ́n ń jà lé lórí ní Mówè?" Torí ẹni tó ń bá mi tà á ti sọ fún mi pé gbogbo èyí tóun kó lọ sí Mówè ló tán.

"Àwòrán yẹn ni wọ́n ń rà. Ẹ rí ẹnì kan, ẹyọ ẹnì kan péré, tó ka inú ẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan páálí yín mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀pà ló ni ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìrun àsùbá. Àádọ́ta náírà ni mọ́tò gbà lọ́wọ́ mi láti Ifọ̀ dé Sàngó. Láti ibẹ̀ mo gba Ìjòkó àti Agbádó já sí Akútè. Akútè yìí, gbogbo wọn ló ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Àwọn ọkùnrin so táì mọ́rùn, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, bàtà wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ nítorí ẹrọ̀fọ̀. Ọmọge kan fi pàǹkéèkì pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀ dìgbà tó bá wọ mọ́tò. Ní Ifọ̀, téèyàn bá fẹ́ wọṣọ, ilé ló ti ń wọ̀ ọ́ tán. Ojú ọ̀nà làwọn wọ̀nyí ti ń parí tiwọn.

Ní Òjòdú mo wọ mọ́tò Mówè. Nígbà tí a dé Ìbafò, awakọ̀ dúró já èrò, mo sì ra bọ̀ọ̀lì ogún náírà lójú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe nà án sí mi, mo rí i pé bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí ni wọ́n fi dì í. Mo tú bébà náà, mo sún un mọ́jú, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀.

Awakọ̀ wò mí nínú dígí. "Bàbá, ṣé nílé tiyín, ẹ máa ń ka bọ̀ọ̀lì kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kó má jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ìṣirò ọmọ iléèwé kan ni, ó gba méjì nínú mẹ́wàá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo jẹ bọ̀ọ̀lì mi.

Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Mówè báyìí, obìnrin inú ìwé mi ló kọjá níwájú mi! Búbá aláwọ̀ ọsàn, apá bíi kàkàkí. N kò tíì pa ẹnu dé tí òmíràn tún fi yọ. Mo kí i, mo béèrè ẹni tó rán an. Ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Síkírá, lọ́nà tó lọ sí Ọ̀fàdà.

Síkírá kúnlẹ̀ kí mi. Lẹ́yìn rẹ̀, iwájú ìwé mi ló wà lára ògiri yẹn, wọ́n fi píìnì kàn án.

"Kátálọ́ọ̀gì tó ń jà nígboro nìyẹn, bàbá."

Ẹ̀yin ará ilé, kátálọ́ọ̀gì ni ìwé tí àwọn aránṣọ fi ń yan sítáì. Àwòrán aṣọ nìkan ló ń wà níbẹ̀, kì í ní ọ̀rọ̀. Kàlẹ́ńdà la fi ń ṣe é ní Ifọ̀.

"Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wá ńkọ́?"

"Àwọn kọ́sítọ́mà ló ń fi ìyẹn pa ọjọ́, tí aṣọ wọn ò bá tíì tán."

Aṣọ wọn ò tíì tán lóòótọ́. Aránṣọ tó bá dá Sátidé fún ọ, máa retí Wẹ́sìdé. Ti Ifọ̀ àti ti Mówè ò yàtọ̀. Obìnrin méje ló há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń já ìwé mi gbà lọ́wọ́ ara wọn. Rónkẹ́, èyí tó ń ta káàdì fóònù, ló borí. Ó ṣí ewé títí, ó kígbe.

"Àǹtí Síkírá, ojú ewé tó kẹ́yìn dà?"

"Mo fi gé ọrùn aṣọ."

"Ọrùn aṣọ ta ni?"

"Tìẹ ni."

"Yéè! Ṣé ọkọ obìnrin inú ìwé yìí wá dá a mọ̀ àbí kò dá a mọ̀?"

"Kò dá a mọ̀," ni mo wí.

Ó yíjú sí mi. "Báwo lẹ ṣe mọ̀, bàbá?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó wò mí láti fìlà dé bàtà. "Ẹ̀yin? Pẹ̀lú fìlà yìí? Ẹni tó mọ aṣọ tó báyìí ò lè wọ èyí tẹ́ ẹ wọ̀ yìí o, ẹ má bínú."

Mo bá ka ìparí rẹ̀ sí wọn látorí. Ọkọ bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó wọlé, ó sì ń bi àwọn ará ilé pé ìgbà wo ni ìyàwó òun máa dé.

Rónkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. "Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó bọ́ aṣọ ọ̀hún dànù ni."

"Lójú títì?"

"Níbikíbi! Ọkọ ló ń lọ yẹn!" Ó wo búbá aláwọ̀ ọsàn tó wà lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ti rán dé ààbọ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín apá yẹn kù. Ọkọ tèmi ò tiẹ̀ ríran dáadáa tẹ́lẹ̀."

"Bàbá," ni Síkírá wí, "ẹ ti bà mí lọ́jà jẹ́."

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, àwọn obìnrin méjèèje gbé mi lé èjìká títí dé ibùdókọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ifọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Rẹ̀mí. Ó ní, "Kí ló wá ṣe obìnrin yẹn tó fi ta ilé?" Mo ní ó wà nínú ìwé. Ó fa páálí yọ, ó mú ẹyọ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí òǹkọ̀wé máa gbàdúrà fún aránṣọ tó ń yẹ àdéhùn.

Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin mẹ́fà nínú méje yẹn, èmi ni mo dá wọn, kò sì sẹ́ni tó gbé mi. Rónkẹ́ nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Òun kì í ṣe àdábọwọ́ mi. Ó kà á dé ibi tí bébà tí Síkírá fi sílẹ̀ fún un mọ.