Ọmọ Tí Wọ́n Kà Lẹ́ẹ̀kan

"Ọmọ yìí kò sí níbí mọ́!"

Bàbá òyìnbó tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa ní Alief, lókè òkun tí à ń gbé, ló pariwo bẹ́ẹ̀, wọ́n lu tábìlì, kọfí dà. Kí wọ́n tó wẹ̀yìn, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. Mo gbọ́ pé ọmọ kan sọnù, èmi nìkan sì lọmọ tó wà nínú ilé.

Ilé iṣẹ́ epo ní La Porte ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ wọn ni màmá mi máa ń fi mí sí tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́ ọsibítù. Ilé náà ń rùn fún sìgá àti kọfí, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn bí ẹni tínú ń bí. Bàbá á tẹ́ fọ́tókọ́pì sórí tábìlì, wọ́n á fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, wọ́n á máa tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àwọn bàbá ńlá wọn ní Wales, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ àwọn yẹn ni kí wọ́n la òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Nínú ìwé ìkànìyàn kan, bàbá tó bí wọn wà níbẹ̀, ọmọ kékeré, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí ìjọba tún padà wá kà wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àbúrò ti pòórá.

"Bàbá mi kò sọ fún mi rí pé òun ní àbúrò," ni wọ́n ń sọ. "Èmi náà kò sì béèrè."

Ìgbà náà ni màmá mi wọlé láti wá mú mi. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n káwọ́ lérí.

"Wọ́n ń ka ọmọ ọlọ́mọ láti ojúlé dé ojúlé? Ẹ ò rí nǹkan! Nílé tiwa, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ẹ̀yin ńkọ́, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń rí."

"Bàbá, ẹ máa wo ìwé yín jàre."

Láti ọjọ́ náà, tí tíṣà bá ń kà wá ká tó wọ bọ́ọ̀sì, màá lúgọ sẹ́yìn ọmọ kan tó sanra. Òun ni kí wọ́n kà pòórá.

Bàbá kọ̀wé sí Wales, pé kí wọ́n fi ìwé ikú ọmọ náà ránṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró ti àpótí lẹ́tà nínú oòrùn, tàwọn ti sálúbàtà. Nígbà tó dé, wọ́n fi lé màmá mi lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá àwọn kà á. Ibà ló pa á, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló sì lọ ròyìn ikú náà fún ìjọba. Kò mọ̀wé, àmì àgbélébùú ló fi síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí.

Ibi àmì yẹn ni màmá mi dúró sí. Wọn ò kà mọ́.

"Èmi náà sin ọ̀kan," ni wọ́n sọ. "Ó ṣáájú eléyìí."

Bàbá fà mọ́ wọn. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Èmi akíkanjú, mo ti ki ìka bọ etí, mo ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá ṣáájú mi ló ni bẹ́ẹ̀dì mi, ó lè wá gbà á. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti sọ orúkọ náà tán, màmá mi ń fi etí yúnífọ́ọ̀mù nu ojú.

Mo ní màá bi wọ́n tí mo bá dàgbà. Mo dàgbà, ẹ̀rù náà bá mi dàgbà. Bàbá kú, wọ́n di ẹrù wọn sínú páálí. Màmá mi náà sùn. Àwọn méjì tó mọ orúkọ náà ti lọ, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Tí a bá ń ṣe ìrántí àwọn olóògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ á ní kí kálukú dárúkọ àwọn èèyàn rẹ̀. Màá dárúkọ màmá mi, ẹnu mi kò ní pa dé. Màá la ẹnu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ de orúkọ kejì tí n kò mọ̀, ìyàwó mi á sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó rò pé oorun ló ń kùn mí.