Ọjọ́ tí wọ́n yọ pákó lábẹ́ òkúta

Òórùn pákó tútù àti sìmẹ́ǹtì ló pàdé mi nínú ilé tuntun tí ọmọ mi ń kọ́ ní Fulshear, ní Amẹ́ríkà. Lójú kan náà, mo padà di ọmọ ọdún méje níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé.

Bàbá mi, bíríkìlà, ló kọ́ ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Àlùfáà ló fún un ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní abúlé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí òkè ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọwọ́ méjì tó pàdé nínú àdúrà. Bàbá fi pákó ṣe ìtìlẹ́yìn, ó sì to òkúta lé e lórí láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí wọ́n fi pàdé lókè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fẹ́ yọ pákó, kí òkúta lè dá dúró fúnra rẹ̀.

"Ṣé òfuurufú lòkúta yìí máa wá dúró lé?" Ìyá Ìjọ bèèrè. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣáà máa wò ó, Ìyá." Bàbá lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ!"

Inú bí mi. Mo rò pé ó fẹ́ dá ibi tó dára jù gbà ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò kọ́ irú rẹ̀ rí, pé òun náà kò mọ̀ bóyá òkúta náà máa dúró.

Òòlù dún lẹ́ẹ̀mẹta. Pákó já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, eruku bò ó. Ìyá mi di apá mi mú débi pé ó dùn mí. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òkúta wà lókè, Bàbá wà nísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó yá, Àbẹ̀kẹ́," ó na ọwọ́ sí mi, "máa bọ̀ báyìí."